Ọyẹ́ àti Àgbàlagbà Inú Ilé: Òtútù tí a Kò Kà Sí ní Àríwá Èkìtì

1. Ìfáárà



Orí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ ni bí àwọn àgbàlagbà tí ń gbé inú ilé ara wọn ní Ìkọ̀lé, ní Ọ̀yẹ́, ní Ìdó àti ní gbogbo àríwá Èkìtì ṣe lè la àkókò ọyẹ́ já ní àlàáfíà. Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé a péjọ nítorí òtútù ní ilẹ̀ tí oòrùn ti ń pa ni. Bí a bá gbọ́ pé òtútù pa arúgbó, ilẹ̀ tí yìnyín ti ń bọ́ ni ọkàn wa máa ń lọ. A kì í ronú kan ìyá àgbà tí ó dá sùn nínú yàrá rẹ̀ ní ìlú wa, tí ó gbé ìkòkò èédú sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, tí ó sì ti fèrèsé pa gbọningbọnin kí ọyẹ́ má baà wọlé.

Ohun tí mo fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ. Ọyẹ́ tiwa kò le tó òtútù ilẹ̀ òkèèrè. Nítorí pé kò le tó bẹ́ẹ̀ ni a kò fi kà á sí, àìkàsí yìí gan-an ni ó sì sọ ọ́ di ewu fún àgbà. Ohun mẹ́ta ni ó sábà ń ṣe wọ́n léṣe ní àkókò náà: òtútù fúnra rẹ̀, iná tí a fi ń lé òtútù, àti omi tí àgbà kò mu. Ohun kẹrin ni ó sì gbé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀n, òun ni àìní ẹni tí yóò bojú wò wọ́n.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àsọdùn ni mo ń sọ, ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀ Yúróòpù. Àwọn onímọ̀ ti fi iye ènìyàn tí ń kú ní ìgbà òtútù wé iye tí ń kú ní àwọn ìgbà yòókù nínú ọdún, láti orílẹ̀-èdè kan dé èkejì. Ènìyàn yóò ti rò pé Fíńláńdì, tí yìnyín ń bò fún oṣù púpọ̀, ni ikú yóò ti pọ̀ sí i jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ Potogí, tí òtútù rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Fíńláńdì, ni ikú ìgbà òtútù ti ń pọ̀ sí i jù. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé ará Fíńláńdì kọ́ ilé rẹ̀ de òtútù, ó sì ra aṣọ de òtútù. Ará Potogí rò pé oòrùn ni tòun, ilé rẹ̀ kò sì gba ooru dúró. Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí ní Potogí, ó yẹ kí àwa náà bi ara wa léèrè ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá àwọn òbí wa láàrin oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta.

A kì í bèèrè, nítorí pé a ti ní ìdáhùn kí ìbéèrè tó wáyé. Bí arúgbó bá sùn tí kò jí, a ó ní ó fọwọ́ rọrí kú, ó sì ti gbó. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ, a ó ní ó ń ṣarán. Bí ó bá ṣubú lójijì tí apá kan ara rẹ̀ kò sì gbé mọ́, a ó ní ayé ni ó ṣe é. Èmi kò sọ pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ orí a máa pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ohun tí a ń pè ní ogbó ni ó ní ìdí mìíràn, ìdí náà sì wà ní ìkáwọ́ wa.

2. Ọyẹ́ ní Àríwá Èkìtì

Ọyẹ́ jẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbẹ tí ń fẹ́ láti ìhà àríwá òun ìlà-oòrùn, láti aṣálẹ̀ Sàhárà wá. Ìparí oṣù kọkànlá ni ó sábà ń wọlé sí ọ̀dọ̀ wa, ó sì lè máa wá, kí ó máa lọ, títí di oṣù kejì tàbí àárín oṣù kẹta. Púpọ̀ nínú eruku tí ó ń gbé wá ti ibi kan tí à ń pè ní Bodélé, ní orílẹ̀-èdè Chad, jáde. Láyé àtijọ́, ìsàlẹ̀ adágún ńlá ni ibẹ̀. Nígbà tí omi gbẹ, ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ di lẹ́búlẹ́bú funfun, afẹ́fẹ́ sì ń gbá a kiri títí ó fi ń sọdá òkun Àtìláńtíìkì.

Àríwá Èkìtì wà ní ojú ọ̀nà afẹ́fẹ́ yìí. Apá ibẹ̀ ni Èkìtì ti bá Kwárà àti Kogí pààlà, ibẹ̀ ni igbó kìjikìji ti ń di ọ̀dàn, tí igi tí ìbá dá afẹ́fẹ́ dúró kò sì pọ̀ mọ́. Ilẹ̀ náà ga, ó sì kún fún òkè olókùúta. Ní ìgbà òjò, ìkùukùu a máa bo ojú ọ̀run bí kúbùsù, a sì máa dá ooru ọ̀sán dúró di òru. Ní ìgbà ọyẹ́, kò sí ìkùukùu, afẹ́fẹ́ sì gbẹ; ooru tí ilẹ̀ gbà ní ọ̀sán yóò fò lọ ní òru. Ìdí nìyí tí ọjọ́ ọyẹ́ fi ní ojú méjì: ìdájí a tutù tí eyín yóò máa pa kéékèèké, ọ̀sán a sì gbóná tí ènìyàn yóò fi bọ́ aṣọ. Ọ̀dọ́mọdé lè bá ìyípadà yìí lọ. Ara àgbà kì í tètè yí padà bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ilé tún wà níbẹ̀. Ilé alámọ̀ àtijọ́ ní ògiri nínípọn àti òrùlé koríko. Amọ̀ a máa mu ooru ní ọ̀sán, a sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní òru. Ilé búlọ́ọ̀kù onípáànù tí àwọn ọmọ kọ́ fún òbí wọn dára lójú, ó sì ń gba òjò dúró, ṣùgbọ́n páànù kò mọ bí a ti ń tọ́jú ooru. Ó ń gbóná fòò ní ọ̀sán, kí ilẹ̀ tó mọ́ yóò ti tutù bí irin. Bí kò bá sí àjà lábẹ́ rẹ̀, ẹni tí ó sùn nísàlẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju ẹni tí ó sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2018 pé inú ilé kò gbọ́dọ̀ tutù ju 18°C lọ ní ìgbà òtútù, pàápàá fún àwọn arúgbó. Ìwọ̀n yìí kì í ṣe ohun tí ó jìnnà sí wa. Ní ìdájí tí ọyẹ́ bá mú, ìta ní àríwá Èkìtì lè tutù dé ibẹ̀, kí ó sì kọjá rẹ̀.

3. Òtútù àti Ara Àgbà

Ìwọ̀n ooru ara ènìyàn tí ó wà ní àlàáfíà tó 37°C. Bí ó bá sọ̀kalẹ̀ ju 35°C lọ, ewu dé. Ọ̀nà méjì ni ara fi ń dáàbò bo ara rẹ̀: yóò máa gbọ̀n kí ẹran ara lè mú ooru jáde, yóò sì fún àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tí ó wà lábẹ́ awọ kí ooru má baà jáde. Nígbà tí ènìyàn bá dàgbà, ẹran ara rẹ̀ a dínkù, ọ̀rá abẹ́ awọ a fúyẹ́, gbígbọ̀n rẹ̀ kò sì lágbára mọ́. Èyí tí ó burú jù ni pé ó lè má mọ̀ pé òtútù ń mú òun. Nítorí náà, kò tó kí a bi í pé, 'Ìyá, ṣé òtútù ń mú yín?' kí ó sì dáhùn pé, 'Rárá, ọmọ mi.' Ẹ fi ọwọ́ kan ikùn rẹ̀ lábẹ́ aṣọ. Bí ikùn bá tutù, òtútù ti wọlé. Bí ó bá ń sùn ní àkókò tí kì í sùn, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ́ra, tí ìrìn rẹ̀ sì ń ta gọ́gọ́gọ́, a kò gbọdọ̀ pè é ní ọ̀lẹ tàbí arán.

Fífún tí àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ ń fún tún ní ẹ̀yìn. Ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá ti há, ọkàn ní láti fi agbára tì í, ẹ̀jẹ̀ a sì ru. Ẹni tí ó ti ní àrùn ẹ̀jẹ̀ ríru tẹ́lẹ̀ wà nínú ewu rọpárọsẹ̀ àti ìkọlù ọkàn, pàápàá ní òwúrọ̀ nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde. Ìgbà ọyẹ́ kọ́ ni ó yẹ kí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tán nílé. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni owó ń há fún lẹ́yìn ọdún Kérésìmesì àti ọdún tuntun. Ó yẹ kí a ti ra oògùn ìyá àti ti bàbá sílẹ̀ kí a tó ra adìyẹ.

Ohun tí a ó ṣe sí òtútù fúnra rẹ̀ kò ṣòro. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì tàbí mẹ́ta tí a wọ̀ léra sàn ju aṣọ ńlá kan ṣoṣo lọ, nítorí pé afẹ́fẹ́ tí ó wà láàrin wọn ni ó ń dá ooru dúró, a sì lè bọ́ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí oòrùn bá ti ń mú. Fìlà tàbí ìborùn ní orí, ìbọ̀sẹ̀ ní ẹsẹ̀, kíjìpá tí àwọn ìyá wa fi ọwọ́ hun ní ilẹ̀ Èkìtì lórí kúbùsù: ohun tí a nílò kò ju báyìí lọ. Bí àgbà bá ń sùn sórí ẹní lórí sìmẹ́ǹtì, kí a tẹ́ nǹkan nípọn sábẹ́ rẹ̀, nítorí ilẹ̀ ń fa ooru jáde lára ju bí afẹ́fẹ́ ti ń ṣe lọ. Oúnjẹ gbígbóná ní òwúrọ̀, ìbáà ṣe ẹ̀kọ mímu, ń fún ara ní ohun tí yóò fi mú ooru jáde.

Ohun méjì kan wà tí àwọn ènìyàn gbà pé ó ń lé òtútù, tí kò sì rí bẹ́ẹ̀. Èkínní ni ògógóró. Ọtí a máa ṣí òpó ẹ̀jẹ̀ abẹ́ awọ sílẹ̀. Ara yóò gbóná fún ìgbà díẹ̀, nígbà tí ooru inú sì ń jáde lọ. Èkejì ni ìpara tí ń ta ni lára. Ó lè mú ìrora oríkèé rọlẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n awọ nìkan ni ó ń tàn jẹ, inú kò móoru sí i.

4. Iná tí a Fi ń Lé Òtútù

Iná ni ọ̀rẹ́ àgbà ní ìgbà ọyẹ́. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni àwọn baba wa ti ń yáná ní ojúde ní ìdájí, tí ìtàn àti ọ̀rọ̀ ọgbọ́n sì ń jáde níbẹ̀. Èmi kò bá iná ìta jà. Iná tí a gbé wọ yàrá ni mo ń bá jà.

Nígbà tí èédú tàbí igi bá ń jó níbi tí afẹ́fẹ́ kò tó, ó ń mú afẹ́fẹ́ olóró kan jáde tí àwọn onímọ̀ ń pè ní kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta ni lójú bí èéfín. Ìdí nìyí tí èédú tí ó ti pọ́n dáradára, tí èéfín rẹ̀ sì ti tán, fi léwu ju igi tí ń rú èéfín lọ: èéfín yóò lé ènìyàn jáde, ṣùgbọ́n èédú pípọ́n kì í ṣe ìkìlọ̀ kankan. Ẹ̀jẹ̀ wa ni ó ń gbé ọ́síjìn kiri ara. Kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì sì ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tí ó ju 200. Bí ó bá ti gba àyè, ọ́síjìn kò rí ibi jókòó mọ́. Orí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, òòyì yóò kọ́ ènìyàn, èébì yóò máa gbé e, oorun yóò sì kùn ún. Ẹni tí ó ti sùn tẹ́lẹ̀ kò ní mọ èyíkéyìí nínú rẹ̀. Ní òwúrọ̀, a ó ní ó fọwọ́ rọrí kú.

Jẹnẹrétọ̀ ń mú afẹ́fẹ́ yìí kan náà jáde, ó sì pọ̀ níbẹ̀. Àwọn kan ń gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, nítorí olè. Àwọn mìíràn ń gbé e sí abẹ́ fèrèsé. Ní ìgbà òjò, fèrèsé tí a ṣí lè gba ènìyàn là. Ní ìgbà ọyẹ́, gbogbo ihò ni a ti dí. Ìta gbangba, tí ó jìnnà sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ni àyè jẹnẹrétọ̀.

Àwọn baba wa ní a kì í fi iná sórí òrùlé kí a wá sùn. Mo fẹ́ kí a fa òwe yìí gùn díẹ̀: a kì í fi iná sí yàrá kí a wá sùn. Bí àgbà kò bá lè ṣe láìyáná, kí ó yá a ní ìta tàbí ní ilé ìdáná tí a ṣí sílẹ̀, kí a sì gbé ìkòkò èédú jáde kí ó tó wọlé sùn. Bí a bá fẹ́ kí ibùsùn móoru, kí a fi omi gbígbóná sínú ike tí ó lè gbà á, kí a dé e pinpin, kí a fi aṣọ wé e, kí a gbé e sábẹ́ kúbùsù kí àgbà tó dùbúlẹ̀, kí a sì mú un kúrò nígbà tí ó bá fẹ́ sùn. Bí a bá sì bá ẹnì kan nínú yàrá tí èédú ti jó, kí a ṣí ilẹ̀kùn, kí a gbé e jáde sí afẹ́fẹ́ tútù kíákíá, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Epo pupa tàbí mílíìkì tí a ń dà sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́nu kò lè wò ó sàn. Ó lè gba ọ̀nà òfun lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, kí ó sì pa á.

Jíjóná náà ń bẹ. Ọyẹ́ ti gbẹ aṣọ, ó ti gbẹ koríko, ó ti gbẹ igi òrùlé. Ẹ̀ta iná kan ti tó. Ìyá àgbà tí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ààrò, tí ìró rẹ̀ sì tú sílẹ̀, lè gba iná kí ó tó mọ̀, pàápàá bí àtọ̀gbẹ bá ti jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kú tìpìrì. Kí ó so ìró mọ́ ara dáradára, kí ó jókòó sórí àpótí dípò bíbẹ̀rẹ̀, kí ìkòkò omi sì wà nítòsí. A kì í rọ kẹrosíìnì sínú àtùpà tàbí sítóòfù tí ó ń jó lọ́wọ́; kẹrosíìnì tí àwọn oníwọra ti da bẹntiróòlù mọ́ sì ti bú gbàmù nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Nàìjíríà. Ní oko, kí bàbá àgbà má ṣe dá nìkan ti iná bọ ìgbẹ́ ní ọ̀sán ọyẹ́. Afẹ́fẹ́ a máa yí padà lójijì, ẹsẹ̀ àgbà kò sì lè sáré tó iná.

Ẹni tí iná bá jó, omi tí ó tutù níwọ̀nba, tí ó sì mọ́, ni kí a máa dà sí ojú ibẹ̀ fún nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú, kí a sì fi aṣọ bo ara yòókù kí òtútù má baà mú un. Ẹyin, ògì, epo àti eérú kò dára fún un. Wọ́n ń kó ìdọ̀tí sí egbò ni.

5. Omi àti Awọ Ara

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ìgbà ooru nìkan ni òùngbẹ ń gbẹ ni. Ọyẹ́ ń fa omi lára ènìyàn láti ẹnu, láti imú àti láti awọ, òógùn kì í sì í jáde tí ìbá fi hàn wá. Ní ọjọ́ ogbó, òùngbẹ pàápàá kì í tètè gbẹ ènìyàn mọ́. Ara lè nílò omi kí ọ̀fun má sì bèèrè rẹ̀. Ìdí pàtàkì mìíràn tún wà tí àwọn àgbà kì í fẹ́ sọ fún ọmọ: wọn kì í mu omi nítorí pé wọn kò fẹ́ dìde tọ̀ ní òru òtútù. Ọgbọ́n ni lójú wọn, ṣùgbọ́n ọgbọ́n náà ń ná wọn ní nǹkan. Àìmu omi a máa fa inú kíkún, a máa fa òòyì bí ènìyàn bá dìde, a máa fa àrùn ojú ara, a sì máa da iyè rú. Mo ti sọ̀rọ̀ arán ṣáájú. Arán tòótọ́ kì í dé láàrin ọjọ́ méjì. Bí àgbà tí iyè rẹ̀ pé ní ọjọ́ Àìkú bá bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọmọ rẹ̀ ní orúkọ òkú ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àìsàn ni: ó lè jẹ́ àìtó omi, ó lè jẹ́ òtútù, ó lè jẹ́ àrùn kan tí ó wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ilé ìwòsàn ni a ó gbé e lọ; a kò gbọdọ̀ máa wá ẹni tí ó fi ṣe é.

Ohun tí ó bójú mu ni pé kí àgbà mu púpọ̀ nínú omi rẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kí ó sì dín in kù bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ̀kọ mímu, ọbẹ̀ olómi, ọsàn àti ìbẹ́pẹ, gbogbo rẹ̀ ni omi. Ẹni tí dókítà ti ní kí ó má mu omi púpọ̀ nítorí ọkàn tàbí kíndìnrín ni kí ó tẹ̀lé ohun tí dókítà sọ. Ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ náà sì ni kànga ń gbẹ tí omi ẹ̀rọ kì í sì í yọ déédéé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àríwá Èkìtì ní ìsédò Ìtàpájì àti ti Ẹ̀rò. Àgbà tí ó bá ní láti rìn jìnnà kí ó tó pọn omi yóò máa ṣọ́ omi lò. Bí a bá ń kéde pé kí àgbà mu omi, kí a kọ́kọ́ wo inú àmù rẹ̀.

Awọ ara àgbà kì í pèsè òróró púpọ̀ mọ́. Ní ìgbà ọyẹ́, yóò sán, pàápàá ní gìgísẹ̀ àti ní ètè, ojú sísán náà sì jẹ́ ilẹ̀kùn fún kòkòrò àrùn. Òrí àti àdín tí a mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ kò tíì di ohun ìtijú. Kí a fi wọ́n pa ara kété tí àgbà bá wẹ̀ tán, kí omi ara tó gbẹ tán. Kí omi ìwẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́. Omi tí ó bá gbóná jù ń bó ara, ó sì ń wẹ òróró awọ dànù. Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ dán omi wò, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè má mọ ooru. Kí ẹlòmíràn fi ìgúnpá dán an wò fún un, kí a sì máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́.

Eruku náà kò ṣeé gbàgbé. Ìyá tí ó ti dáná igi fún 50 ọdún ti fa èéfín púpọ̀ sí ẹ̀dọ̀fóró. Nígbà tí eruku ọyẹ́ bá gùn ún, èémí rẹ̀ a máa há. Ní ọjọ́ tí kùrukùru bá bo òkè tí a kò fi rí i mọ́, kí ó dúró sínú ilé títí oòrùn yóò fi là, kí ó fi ìborùn bo imú bí ó bá ní láti jáde, kí a sì wọ́n omi sílẹ̀ kí a tó gbálẹ̀. Ikọ́ tí ibà tẹ̀lé, tàbí èémí tí ń yára, lè jẹ́ òtútù àyà, kì í sì í ṣe ohun tí a ń fi àgbo nìkan dúró dè.

6. Òru àti Ìdájí

Wákàtí tí ó léwu jù ni èyí tí ó wà láàrin àkùkọ àkọ́kọ́ àti yíyọ oòrùn. Nígbà náà ni òtútù pọ̀ jù, nígbà náà ni ìtọ̀ ń gbọ̀n àgbà jí, nígbà náà sì ni òkùnkùn bo ọ̀nà ilé ìgbẹ́ tí ó wà ní ẹ̀yìnkùlé. Eegun ìbàdí tí ó ṣẹ́ ní ọjọ́ ogbó kì í ṣe ohun kékeré. Ọ̀pọ̀ ni kò tún fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn mọ́. Kí a gbé ike ìtọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, kí a sì fi yé àgbà pé kò sí ìtìjú níbẹ̀. Kí tọ́ọ̀ṣì wà ní abẹ́ ìrọ̀rí. Kí bàtà rẹ̀ le mọ́ ẹsẹ̀, kí ó má ṣe jẹ́ sálúbàtà tí ó ti jẹ. Bí ó bá jí, kí ó kọ́kọ́ jókòó sí etí ibùsùn, kí ó ka ení, èjì títí dé ogún, kí ó tó dìde.

Bí ẹnu bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí ọwọ́ kan kò gbé mọ́, tàbí tí ọ̀rọ̀ kò já geere, kí a má ṣe dúró de ọ̀sán. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tí a dá sílẹ̀ ní Ìdó-Èkìtì ní ọdún 1998 ti di ilé ìwòsàn ìkọ́ni lónìí. Ọ̀nà láti àwọn abúlé Ìkọ̀lé dé ibẹ̀ kì í ṣe kékeré ní òru, nítorí náà kí a ti mọ awakọ̀ tí a ó pè àti ibi tí owó ọkọ̀ wà kí ọyẹ́ tó dé.

7. Ta ni Yóò Máa Wò Wọ́n?

Gbogbo ohun tí mo ti kà sílẹ̀ wọ̀nyí kò wọ́n, wọn kò sì ṣòro. Kí ló dé tí wọn kì í fi í ṣe é? Ìdáhùn mi ni pé kò sí ẹni tí yóò rán àgbà létí. Nínú agboolé àtijọ́, ọmọ-ọmọ kan yóò sùn sí yàrá ìyá àgbà, yóò gbọ́ bí ó bá wúkọ́, yóò sì mọ̀ bí kò bá wúkọ́ mọ́. Òwò, iṣẹ́ ìjọba àti ẹ̀kọ́ ti kó àwọn ọmọ wa lọ sí Adó, Ìbàdàn, Èkó àti òkè òkun. Ilé ńlá wà ní Ayédé, ní Ìlúpéjú, ní Ìfàkì, ṣùgbọ́n ẹnì kan tàbí ẹni méjì ni ó ń gbé inú rẹ̀, wọ́n sì ti lé ní 70 ọdún.

Fóònù dára, ṣùgbọ́n fóònù kò ní ọwọ́ tí yóò fi kan ikùn. Bí ọmọ bá pe ìyá rẹ̀ láti Èkó, 'Mo wà dáadáa' ni ìyá yóò wí, nítorí kò fẹ́ kí ọkàn ọmọ rẹ̀ má balẹ̀. Owó náà dára. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkìtì bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ọdún 2011, lábẹ́ Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí, nínú èyí tí wọ́n fún àwọn arúgbó tí ó ti pé 65 ọdún, tí kò sì ní olùrànlọ́wọ́, ní ₦5,000 lóṣooṣù. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn arúgbó rẹ̀ ní owó ìdáná ìgbà òtútù ní ọdún 1997. Ṣùgbọ́n owó lè ra kúbùsù, kò lè mọ̀ bóyá kúbùsù bọ́ sílẹ̀ ní òru.

Àṣà wa ti ní irinṣẹ́ kan tí a kò lò dáadáa mọ́, òun ni ìkíni. 'Ẹ kú ọyẹ́ o.' 'Ṣé ẹ jí ire?' Ìkíni Yorùbá kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ó jẹ́ ọ̀nà láti wádìí. Ẹni tí ó lọ kí àgbà ní òwúrọ̀ yóò kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀, yóò súnmọ́ ọn, yóò gbọ́ ohùn rẹ̀, yóò rí ojú rẹ̀, yóò sì mọ̀ bí àná ti yàtọ̀ sí òní. Bí ilẹ̀kùn kò bá ṣí títí oòrùn fi là, ó yẹ kí ẹnì kan ti mọ̀. Mo ń gbà wá níyànjú pé kí a sọ ìkíni òwúrọ̀ di ètò ní ìgbà ọyẹ́. Kí ìjọ kọ̀ọ̀kan, mọ́sálásí kọ̀ọ̀kan àti ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ àwọn àgbà tí ń dágbé ní àdúgbò rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì pín wọn fún àwọn ọ̀dọ́ tí yóò máa kàn sí wọn ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́.

Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé ní àǹfààní kan tí ọ̀pọ̀ ìlú kò ní. Láti ọdún 2011 tí a ti dá yunifásítì ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́, tí Ìkọ̀lé sì ní ọgbà tirẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gba yàrá káàkiri inú ìlú, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń bá àgbà gbé abẹ́ òrùlé kan náà. Ọmọ ẹlòmíràn wà nínú ilé, nígbà tí ọmọ ẹni wà ní Èkó. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ wà níhìn-ín, owó ilé nìkan kọ́ ni ó so yín pọ̀ mọ́ ìyá onílé. Ẹ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ ní òwúrọ̀. Ẹ bá a gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí fèrèsé. Ẹ bá a pọn omi sínú àmù.

8. Ìkádìí

Mo ti gbìyànjú láti fi hàn pé ọyẹ́ kò nílò kí ó le bí òtútù òkè òkun kí ó tó pa àgbà. Ó tó kí a má kà á sí. Ara àgbà ń tutù láìmọ̀, iná inú yàrá ń pa á láìróòórùn, omi ara rẹ̀ sì ń gbẹ láìsí òùngbẹ. Ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kì í pariwo, nítorí náà ni wọ́n fi nílò ojú ẹlòmíràn.

Àwọn baba wa ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Ọmú tí mo ń sọ ní ọ̀sán yìí kò wọ́n: kúbùsù kan, àmù tí ó kún, òrí díẹ̀, èédú tí a gbé síta, àti ẹnì kan tí yóò kan ilẹ̀kùn kí oòrùn tó là. Bí ọyẹ́ bá tún dé ní oṣù kọkànlá, kí a má ṣe dúró kí ó kọ́kọ́ mú àgbà kan lọ kí a tó ka àwọn tí ó kù.